Kúbùsù Oníná Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìgbó-Ọrà

Odidi wákàtí kan ni omi ẹ̀bà mi fi wà lórí iná, kò hó. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun ni. Gaàrí wà nínú abọ́, gaàrí Ìgbó-Ọrà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yan fúnra wọn, ebi ń pa mí, òde sì funfun láti ojú fèrèsé títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ní Winnipeg, ní Kánádà, nìyẹn. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mo gbà, kò ní ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́n láti ilé, mo ti di sítóòfù oníná mi kékeré mọ́ ẹrù. Mo ra ohun tí mo fi so ẹnu wáyà rẹ̀ mọ́ ojú iná tiwọn, mo tan án, wáyà tó ká lórí rẹ̀ kọ̀, kò pọ́n. Mo jókòó tì í, mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé kò sí ohun tí mo gbé wá tó máa ṣiṣẹ́ níbí, títí kan èmi alára.

Mo pe bàbá mi. Iṣẹ́ wáyà ni bàbá mi fi tọ́ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé àdúgbò wa ní Ìgbó-Ọrà, àwọn ló fa iná sí i, tọmọdé tàgbà ló sì ń pè wọ́n ní Bàbá Oníwáyà. Wọn kì í káàánú ènìyàn lórí fóònù. Mo rojọ́ omi ẹ̀bà mi títí, wọn ò tilẹ̀ kí mi ní pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé kí ni wọ́n kọ sí iwájú orí sítóòfù náà. Iwájú orí ni wọ́n ń pe pátákó kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò iná, èyí tí wọ́n kọ fọ́ltì àti wáàtì rẹ̀ sí. Kó o tó ki nǹkan bọ iná, kọ́kọ́ ka iwájú orí rẹ̀. Òfin ilé wa nìyẹn láti kékeré, àfi bí ẹni pé inú Kùránì ló wà.

Mo kà á fún wọn: òjìlérúgba fọ́ltì, ẹgbẹ̀fà wáàtì. Wọ́n ní iná tó wà níbi tí mo wà ńkọ́? N kò mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ ka iwájú orí ohunkóhun tó bá jẹ́ ti onílé. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn fìríìjì tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀, mo kà á: ọgọ́fà fọ́ltì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ mú bírò.

Wọ́n ní kí n pín wáàtì sítóòfù pẹ̀lú fọ́ltì rẹ̀, n ó rí ámpíà, ìyẹn iye iná tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹgbẹ̀fà, pín in pẹ̀lú òjìlérúgba: ámpíà márùn-ún. Wọ́n ní kí n wá pín fọ́ltì pẹ̀lú ámpíà, n ó rí ìdènà, ìyẹn bí wáyà náà ṣe ń bá iná fà á tó kó tó jẹ́ kó kọjá. Òjìlérúgba, pín in pẹ̀lú márùn-ún: méjìdínláàádọ́ta. Wọ́n ní ìdènà yẹn ò ní yí padà, ì báà wà ní Ìgbó-Ọrà, ì báà wà nílùú òyìnbó, ara wáyà ló wà. Ohun tó yí ni iná tó ń tì í. Ọgọ́fà fọ́ltì níbí, pín in pẹ̀lú ìdènà méjìdínláàádọ́ta, ámpíà méjì àbọ̀ péré ló kù. Sọ fọ́ltì di púpọ̀ pẹ̀lú ámpíà, agbára tó ń rí lò nìyẹn: ọ̀ọ́dúnrún wáàtì. Sítóòfù tó ń jẹ ẹgbẹ̀fà nílé, ọ̀ọ́dúnrún ló ń rí jẹ níbí. Fọ́ltì di ìdajì, agbára di ìdámẹ́rin.

"Sítóòfù rẹ ò bàjẹ́," ni bàbá mi wí. "Ebi ló ń pa á."

Mo fi omi tútù mu gaàrí náà lọ́jọ́ yẹn, mo sùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nílé, ẹni tó jáde ní póli Èrúwà ni mí. Bí mo bá ń kọjá lọ, àwọn àgbà á béèrè àlàáfíà mi, wọ́n á béèrè tàwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi, èmi náà á tú ara sílẹ̀, n ó máa dáhùn. Níbí, mo lè rìn láti ilé dé ibi iṣẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni má kan tèmi. Èmi kan náà ni. N kò di òmùgọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó ń ti ènìyàn lẹ́yìn nílé, kíkí, orúkọ bàbá, ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n bí ọ, ìyẹn ni kò sí. N kì í sọ èyí fún àwọn ara ilé, wọ́n á ní mo ti ń sọ ìsọkúsọ.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti rí iṣẹ́. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni à ń fọ̀ níbẹ̀, tèmi sì ni kí n máa ki aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, kí ẹnì kejì gbà á lódìkejì. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, bí mo bá ti wọlé, n ó kí gbogbo wọn ní èdè tiwọn pé ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n á wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé iṣẹ́ wo ni òun ṣe tí mò ń yìn ín sí. Ṣé kí n máa ṣàlàyé ìkíni ni àbí kí n máa ṣiṣẹ́? Mo jáwọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ, mo ṣì máa ń kùn ún sínú pé ẹ kú iṣẹ́ o, nítorí ara mi ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọlọ́run ò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá tí a ti ń sinmi, iná máa ń kú lójoojúmọ́ lásìkò oúnjẹ, tí ọ̀gá wa, obìnrin ará Filipíìnì kan, á máa fẹ̀sùn kan ògiri. Lọ́jọ́ kan mo ka iwájú orí máíkíróweefù, ámpíà mẹ́wàá. Mo ka ti kẹ́tùlù, ámpíà méjìlá. Ojú iná kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ojú iná náà kò sì lè gbé ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo ní kí wọ́n gbé kẹ́tùlù lọ sí ògiri kejì, mo rò pé wọ́n á ní ta ló bi mí. Wọ́n gbé e. Iná ò kú mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹnjiníà. Inú mi dùn débi pé mo pe ilé ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìpè mi, bàbá mi sì kọ́kọ́ bi mí bóyá wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́.

Ẹ má bá wọn wí. Bí fóònù bá dún láìròtẹ́lẹ̀ láàárín ilé àti ẹ̀yìn odi, aburú ló kọ́kọ́ ń bọ̀ síni lọ́kàn. Èmi gan-an, bí mo bá rí nọ́ńbà ilé lójú fóònù lásìkò tí kò yẹ, n ó ti máa ní ta ló kú kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ti kú kí n tó kúrò nílé. Bàbá mi nìkan ló kù nínú ilé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Mújídà, ń gbé ní Èrúwà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀gúsí. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń wá wo Bàbá.

Bàbá ní àtọ̀gbẹ. Ó ti mú ẹsẹ̀ wọn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹsẹ̀ á tutù nini láti orúnkún wálẹ̀, síbẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá gún un, wọn ò ní mọ̀. Ìyá Mújídà sọ fún mi pé èédú ta sí Bàbá lẹ́sẹ̀ nígbà kan, àwọn ni wọ́n rí i, Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ ní tiwọn.

Nígbà òtútù mi àkọ́kọ́, mo ra kúbùsù oníná kan ní ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà. Kékeré ni, èèyàn á tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀, á ki wáyà rẹ̀ bọ iná, á sì máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Irú àtijọ́ ni, kì í fúnra rẹ̀ kú, ìwọ lo máa pa á. Mo ròyìn rẹ̀ fún Bàbá nínú ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n ka iwájú orí rẹ̀. Ọgọ́fà fọ́ltì, ọgọ́ta wáàtì. Wọn ò mú bírò. Wọ́n ní ààbọ̀ ámpíà nìyẹn, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ òjìlérúgba, kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́.

Mo ní Bàbá, òjìlérúgba fọ́ltì ni iná ilé.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" ni wọ́n wí. "Tinú ìwé nìyẹn. Tinú ilé tèmi, ọgọ́fà ni."

Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ẹni tó bá gbé Ìbàràpá mọ ohun tí à ń pè ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Iná á dé, gílóòbù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń tòògbé. Tiráńsífómà kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo àdúgbò wa, ilé wa ló sì wà nípẹ̀kun wáyà. Kí iná tó rìn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní mítà alábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọgọ́fà ni, tàbí kó lé díẹ̀. Kò dé àádóje rí. Mo dá a lábàá pé kí n fi àpótí tó máa ń dín iná kù ránṣẹ́ pẹ̀lú kúbùsù náà. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe, ṣé àwọn iléeṣẹ́ iná ò ti bá àwọn dín in kù lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ẹnì kan tó ń lọ sílé ló bá mi mú kúbùsù náà dé Ìbàdàn, Ìyá Mújídà sì lọ gbà á.

Òfin kan ni Bàbá fi lélẹ̀: lójoojúmọ́ tí iná bá dé, mítà làkọ́kọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá kọjá àádóje, kúbùsù ò gbọdọ̀ rí iná. Báyìí ni ìpè wa ṣe wá di ìpè ẹni méjì tó ń ka mítà. Kí n tó kí wọn tán, n ó ti béèrè pé mélòó ni lónìí. Wọ́n á ní ọgọ́fà. Wọ́n á ní méjìdínlọ́gọ́fà. Ọkàn mi á balẹ̀. Ìyá Mújídà ní Bàbá ti ń sùn dáadáa, wọn kì í jí tìtorí ẹsẹ̀ mọ́.

Ọyẹ́ kejì la wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣẹlẹ̀. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni a máa ń sinmi níbi iṣẹ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni nílé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí abọ́ ìrẹsì mi ni Ìyá Mújídà pè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní tiráńsífómà tuntun ti dé o. Ọ̀rọ̀ tiráńsífómà yìí, ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onílé ti ń lé e, gbogbo àwa tí a wà lẹ́yìn odi la sì dá sí i. Wọ́n ti gbé e sórí òpó, apá ọ̀dọ̀ wa nìkan ló sì máa gbé. Wọ́n ní bí àwọn èèyàn bá ti kírun Màgáríbì tán ni wọ́n máa tan án. Bàbá ò tíì gbọ́, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n jáde, fóònù wọn náà ti kú nítorí pé kò sí iná láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá Mújídà alára, gáréèjì ni wọ́n ti gbọ́, wọ́n ń padà sí Èrúwà. Mo ní Àlhàmdùlílàh. Mo kígbe débi pé àwọn tí à ń jọ jẹun yíjú wò mí, mo ní iná ti dé sílùú wa, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi láìmọ ohun tí mò ń sọ.

Mo padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ki aṣọ àkọ́kọ́ sí i, mo mú ìkejì. Lójoojúmọ́ ayé ni iwájú orí ẹ̀rọ yẹn máa ń wà níwájú mi, fọ́ltì rẹ̀, ámpíà rẹ̀, n kì í kà á mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ojú mi bọ́ sí i, ọwọ́ mi sì dúró.

Iná tuntun. Òjìlérúgba fọ́ltì, kíkún, bí ti inú ìwé.

Ìdènà kúbùsù, òjìlérúgba. Pín in: ámpíà kan. Sọ ọ́ di púpọ̀: òjìlérúgba wáàtì. Kúbùsù ọgọ́ta wáàtì máa jẹ ìlọ́po mẹ́rin, lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò mọ èédú. Kúbùsù yẹn kì í kúrò lórí ibùsùn wọn, ẹnu wáyà rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí iná. Mo sọ fún ara mi pé Bàbá máa wọ̀n ọ́n. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n. Ara mi ò gbà.

Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi ti wọ ẹnu ẹ̀rọ ní wíwọ́, ó há, iná pupa tàn, ohun gbogbo dúró. Ọ̀gá wa ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú fóònù jáde níbẹ̀, mo sì ti mú tèmi dání. Gbólóhùn tó jáde lẹ́nu mi ni pé iná fẹ́ jó bàbá mi. Ó wo ojú mi. Ìyá tiẹ̀ náà wà nílé, òun nìkan, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ó ní kí n jáde, òun á dúró sípò mi.

Mo bọ́ síta láìwọ kóòtù. Mo pe Bàbá, ohùn obìnrin tó máa ń dáhùn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní wọ́n ti pa fóònù náà. Mo pe Ìyá Mújídà, ó dún títí, wọn ò gbé e. Mo tún pè é. Mo mọ̀ pé inú báàgì lábẹ́ ìjókòó ni fóònù wọn máa ń wà bí wọ́n bá ti wọ mọ́tò. Mo sáré sínú ẹgbẹ́ wáásáàpù àdúgbò wa. Fídíò ló kún bẹ̀: tiráńsífómà lórí òpó, àwọn àgbà tó dé fìlà, àfáà tó ń ṣàdúrà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan sáré lọ sílé Bàbá Oníwáyà kó yọ kúbùsù oníná kúrò nínú iná. Kí n tó gbójú sókè, Àmín ti bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Àmín, Àmín, Àmín jákèjádò. Ẹnì kan tilẹ̀ dá èmi gan-an lóhùn: Àmín.

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni mo ti ń bá wọn gbàdúrà kí iná dé. Ọjọ́ yẹn ni mo dúró nínú yìnyín tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má dé, kó bàjẹ́, kí nǹkan já lórí òpó. Ẹ wo irú àdúrà tí mò ń gbà sí ìlú mi. Fídíò tuntun wọlé. Ojú pópó wa ni, gbogbo gílóòbù tàn, wọ́n mọ́ gbòò, àwọn ọmọdé ń pariwo. Iná ti dé.

Ìka mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ìgbà tí mo tún pe Ìyá Mújídà, n kò mọ ẹ̀ẹ̀mélòó, wọ́n gbé e. Wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan o, àwọn ṣì wà ní gáréèjì, mọ́tò ò tíì kún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bọ́ọ́lẹ̀," ni mo wí. "Ẹ gun ọ̀kadà lọ sílé báyìí, ẹ yọ kúbùsù Bàbá kúrò nínú iná. Iná tuntun yẹn ti le jù fún un. Ó máa jó wọn, wọn ò sì ní mọ̀."

Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún dírẹ́bà pé kó ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ráhùn, ipè sì já.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Ó yẹ kí n wọlé, n kò lè wọlé. Mo ń ṣe ìṣirò náà lọ, ṣé n ó rí ibi tí mo ti ṣì í. N kò rí i. Ìṣirò Bàbá ò ní àṣìṣe rí. Mo ro ti ìyá mi, tí mo wà nílé nígbà tí wọ́n kú, tí mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó máa di ọwọ́ Bàbá mú. Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi, ọ̀gá wa fi kóòtù mi bò mí léjìká, ó padà wọlé. Mo sunkún nígbà náà, omi ojú mi sì tutù kó tó dé àgbọ̀n mi.

Fóònù dún.

"Mo ti yọ ọ́," ni Ìyá Mújídà wí. Wọ́n ń mí hẹlẹ. Wọ́n ní láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn ti pàdé àwọn. Aṣọ ibùsùn ti dúdú lábẹ́, èéfín ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Bàbá dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n ń ja tẹ̀sùbáà lọ ní tiwọn. Wọ́n tilẹ̀ bi Ìyá Mújídà pé ta ló ń sun ìdọ̀tí ládùúgbò. Ẹsẹ̀ òsì ti léròrò, ó sì tóbi, àwọn á gbé wọn lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún Bàbá.

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn, ìbínú gbé mi. N kò sọ̀rọ̀ sí bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ṣebí àwọn ló fi òfin lélẹ̀, ṣebí mítà làkọ́kọ́, kí ló dé tí wọn ò wọ̀n ọ́n?

"Mo wọ̀n ọ́n," ni wọ́n wí.

"Kí ni abẹ́rẹ́ kà, Bàbá?"

Mo gbọ́ tí Ìyá Mújídà ń sọ fún wọn lẹ́yìn pé Bàbá, ẹ dá a lóhùn.

"N kì í rí abẹ́rẹ́ náà mọ́," ni bàbá mi wí. "Ó ti tó ọdún kan. Ọgọ́fà ló máa ń jẹ́, mo kàn ń sọ ọgọ́fà fún ọ ni."

Mo ní ìpè onífídíò tí a máa ń ṣe ńkọ́, tí ẹ máa ń ní mo ti sanra, tí ẹ ní kí n gẹ irun mi?

"Ohùn rẹ ni mo fi ń mọ̀. Bó bá ti rẹ̀ ọ́, mo máa ń mọ̀."

Ìbínú ti lọ, n kò mọ ibi tó gbà lọ. Mo kàn bi wọ́n, bí ẹni ń bi ọmọdé, pé nígbà tí iná dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí tí wọ́n ti ẹnu mítà bọ ojú iná, tí wọn ò rí ohun tó kà, kí ló dé tí wọn ò dúró de ẹni tó máa bá wọn kà á?

Bàbá mi mí kanlẹ̀.

"Gílóòbù tàn," ni wọ́n wí. "Ó mọ́lẹ̀ gan-an. Mo rí ọwọ́ ara mi, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ojú mi ló ń là."